Ojú-ìwé Òfìfo Nínú Fláàṣì: Ṣe àti Má Ṣe

Ní Berlin àti Hamburg, àwọn ará Freifunk máa ń fi OpenWrt sínú ráútà kí àdúgbò lè jọ lo íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ráútà bá ń lo fláàṣì NAND, tọ́jú ojú-ìwé (page) fláàṣì tí kò ní nǹkan kan nínú bí o ṣe ń tọ́jú èyí tó ní.

ṢE

- Pa búlọ́ọ̀kù rẹ́ kí o tó kọ nǹkan sí i. Ìparẹ́ ló ń sọ gbogbo bíìtì di 1, tí báìtì kọ̀ọ̀kan fi ń di 0xFF. Kíkọ ò lè ṣe ju kó sọ 1 di 0 lọ.
- Ka àmì búlọ́ọ̀kù tó ti bàjẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kí o tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí àmì yẹn bá lọ, ó lè má ṣeé rí mọ́.
- Bí o bá ń kọ, fo àwọn ojú-ìwé òfìfo tó wà nípárí búlọ́ọ̀kù. Irinṣẹ́ ubiformat ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nínú U-Boot tí Wolfgang Denk ará Jámánì dá sílẹ̀, lo `nand write.trimffs`.
- Lo irú ECC (kóòdù tó ń tún àṣìṣe bíìtì ṣe) tí ráútà fúnra rẹ̀ ń lò. Bí o bá fi Hamming kọ ọ́, tí ráútà ń retí BCH, kò ní rí i kà.

MÁ ṢE

- Má kọ 0xFF sí ojú-ìwé òfìfo. Báìtì tó wà níbẹ̀ ò ní yí padà, àmọ́ ECC tó bá a lọ lè ti di nǹkan mìíràn nínú OOB, ìyẹn àyè àfikún ojú-ìwé náà. Nígbà tí UBIFS, ètò fáìlì ráútà, bá wá kọ fáìlì síbẹ̀, ECC tuntun á gun ti àtijọ́ lórí, fáìlì á sì bàjẹ́.
- Má retí pé gbogbo bíìtì òfìfo á máa jẹ́ 1 títí. Ọ̀kan tàbí méjì lè di 0. Ka iye 0 tó wà níbẹ̀. Bí ECC bá lè tún un ṣe, òfìfo ṣì ni. Linux ní `nand_check_erased_ecc_chunk` fún iṣẹ́ yìí.
- Má da fláàṣì NAND inú ráútà pọ̀ mọ́ káàdì SD. Ní December 2013, níbi àpéjọ àwọn hákà 30C3 ní Hamburg, àwọn olùṣèwádìí bunnie àti xobs fi hàn pé kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú káàdì tó ń bójú tó àṣìṣe fúnra rẹ̀.
- Má gbé ráútà sílé onílé kìkì nítorí pé ó tàn. Kọ fáìlì sí i, pa á, tún un tàn, kí o sì ka `dmesg`: ìgbà tí a bá kọ nǹkan sórí òfìfo ni àṣìṣe yìí ń jáde.