Àjòjì Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìlú tí kò dé rí yóò jẹ́rìí sí i. Ó rí títì, kò mọ ibi tó já sí. Ó rí àwọn méjì tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ẹjọ́ ilẹ̀ wà láàárín wọn. Òwe yìí ni mo fi ń bá ará Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé n’Ìbàdàn, sọ̀rọ̀, àti onílé àti àlejò, nítorí láti ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ yín ni ọkọ̀ ojú irin ń já èrò sí. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà náà. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣe é, orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì fi sọ ibùdókọ̀ Mọ́níyà.

Ilẹ̀ Ṣáínà náà ní ìwé àyẹ̀wò kan tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. I Ching ni wọ́n ń pè é. Àmì 64 ló wà nínú rẹ̀, ìlà 6 ló wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Ìlà mìíràn gùn gbọọrọ, òmíràn gé láàárín. Ọ̀pá ewéko 50 ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á máa pín 49 tó kù. Ẹni tí kò ráyè a ju owó onírin 3 lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èyí kò lè ya ẹni tó mọ Ifá lẹ́nu, nítorí lójú ọpọ́n tiwa náà, ẹyọ tàbí méjì là ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn títí Odù 256 fi pé. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí kò ní bá mi débi àyẹ̀wò, kó fara balẹ̀ gbọ́ ìmọ̀ràn inú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kì í sọ ohun tó bá a wá. Owó ni yóò sọ ọ́ sí, wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo á dá Ifá, á máa ki ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, ẹni tó ni ọ̀ràn ni yóò sì mọ èyí tó kàn án. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àmì 56, tí wọ́n ń pè ní Arìnrìnàjò. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń kà á fún, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń wá ara rẹ̀ níbẹ̀. Iná lórí òkè ni àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iná tó ń jó koríko gbígbẹ lórí òkè nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé kì í sùn síbi tó jó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá físà Kánádà yóò rí àmì yìí, yóò ní, “Ó ti yá, ó ní kí n máa lọ.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni di ẹrù. Ẹni tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ ló ń bá wí, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe hùwà níbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, níbo ni mo ti jẹ́ àlejò báyìí? Ìyàwó tuntun lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀, tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá náà lè rí ara rẹ̀. Ẹni tí mo máa ń rò jù ni òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó lo ọgbọ̀n ọdún l’Ékòó, tó wá padà sí agboolé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà. Ó rò pé ilé lòun dé. Àwọn tó mọ̀ ti kú, àwọn ọmọ agboolé kò mọ̀ ọ́n, àbúrò rẹ̀ ni mọ́gàjí. Kò tíì tú ẹrù tán tó ti ń pàṣẹ. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ lójú, kò fi ríran. Kó fi ọdún kan jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Kó máa lọ sí ìpàdé ẹbí, kó dá iye tí wọ́n bá ní kó dá, kó má tíì ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Nínú ìlà kejì àmì náà, arìnrìnàjò dé ilé èrò, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ṣe é fọkàn tán. Nígbà tó di ìlà kẹta, ilé èrò jó, ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Ìgbéraga ni àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sọ pé ó fà á. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọba ní ará ìlú tí yóò bá a kọ́ ọ. Ta ni yóò bá ayálégbé kọ́ tirẹ̀? Ọlọ́kadà tó ń gbé ọ wálé lálẹ́, ìyá alákàrà, ọmọ tó ń bá ọ pọnmi, àwọn ni ẹbí rẹ níbẹ̀. Má sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹrú.

Ìlà kẹrin ló ń dùn mí jù. Arìnrìnàjò ti ríbi forí pamọ́ sí, ó ti lówó, ó ti ní àáké, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní London ń gbé nínú ìlà yìí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé owó nìkan lẹ ń bi wọ́n lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Nínú ìlà tó kẹ́yìn, ìtẹ́ ẹyẹ jó. Arìnrìnàjò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó padà sunkún, ó sì sọ màlúù rẹ̀ nù. Ní 1929, onímọ̀ ìtàn Gu Jiegang sọ pé Wang Hai, baba ńlá àwọn ọba Shang, lọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ẹni tó da màlúù lọ sílẹ̀ onílẹ̀ tó sì pàdánù wọn síbẹ̀. Àwọn tó ń ná màlúù ní ọjà Akínyẹlé yóò tètè mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Àlejò tó bá ń rí jẹ, kó má fi ẹ̀rín rẹ̀ gún onílé lára.

Onílé náà ńkọ́? Àwọn àgbà ilẹ̀ Ṣáínà fi ìmọ̀ràn kan ti àmì yìí, alákòóso ìlú ni wọ́n sì fi bá wí: kó fara balẹ̀ kó tó jẹ ẹnikẹ́ni níyà, kó má sì jẹ́ kí ẹjọ́ pẹ́ nílẹ̀. Èyí gan-an ló mú mi kọ àròkọ yìí. Ní Oṣù Kejì ọdún 2021, gbólóhùn asọ̀ kan ní ọjà Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé yìí, di ìjà Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba ti ọjà pa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àlejò níbẹ̀ ti bímọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwa tí à ń pe ara wa ní onílé ńkọ́? Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló pàdé síbẹ̀. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú Ìjàyè ní 1862, àwọn ará ibẹ̀ fọ́n ká di àlejò nílùú onílùú.

Nítorí náà, kí baálẹ̀, ìyálọ́jà àti Sàríkí àwọn Haúsá ní nọ́ńbà fóònù ara wọn. Bí asọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín onílé àti àlejò, kí wọ́n gbọ́ ọ kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó fara pa, kí wọ́n sì pe ẹni tó ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má pe ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ tó wà nítòsí ibùdókọ̀, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fún un níwèé tó pé níṣojú ẹlẹ́rìí, ẹ má sì padà lọ gba owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.