Safi Faye àti Ohùn Àgbẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àwọn ará Ìbàdàn rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Àpótí kan ń sọ̀rọ̀, àwòrán ènìyàn sì ń rìn nínú rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ni ó dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò sì tíì ní irú rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Obìnrin ni ẹni tí a kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ nínú àpótí ọ̀hún, ìyẹn ni Ìyáàfin Àníkẹ́ Agbájé-Williams.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kòkó ni òpó tí ó gbé àpò ìjọba náà ró. Àgbẹ̀ tí ń gbé ní Láàlúpọn, ní Mọ́níyà, ní Ẹ̀rúnmu tàbí ní Akànràn ni ó ń la igbó, òun ni ó ń ro oko, òun ni ó ń fọ́ kòkó, tí ó sì ń sá a sí oòrùn kí ó tó di owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Olóṣèlú sọ̀rọ̀, akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, òṣèré kọrin, ó sì jó. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àgbẹ̀, a kì í sábà gbọ́ ọ láti ẹnu àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ń bẹ ní ìgboro tí wọ́n fi “ará oko” ṣe èébú.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹnu gbà jáde a máa wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn àti ti àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn dìde nítorí owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí iye tí a ń san fún wọn lórí kòkó, àti nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àgbẹ̀kọ̀yà ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí. Tàfá Adéoyè ti Akànràn wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀, wọ́n sì já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, kí ìjọba tó gbà láti dín owó orí kù. Ẹni tí ó bá ní bàbá àgbà ní Ọ̀nà-Àrà tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá lè béèrè ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó mọ èyí tí kò sí nínú ìwé.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ èyí ni pé ní àkókò kan náà, àwọn àgbẹ̀ mìíràn wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn ni àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹ̀pà ni kòkó tiwọn. Àwọn Faransé ni wọ́n sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn tí a ń tà sí òkè òkun, títí ẹ̀pà fi gba ilẹ̀ tí ó yẹ kí á gbin oúnjẹ sí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọdún 1960, tí Léopold Sédar Senghor di ààrẹ, ẹ̀pà kò yí padà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tí à ń pè ní ONCAD ni ó ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ àgbẹ̀, òun náà ni ó ń fún un ní irúgbìn àti irinṣẹ́ ní àwìn. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, gbèsè kì í kọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀dá sì dá gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti rí ẹnu gbà jáde, ẹnu náà kì í sì í ṣe ti ìbọn. Obìnrin kan ni ó gbé kámẹ́rà lọ bá wọn ní abúlé.

Safi Faye ni orúkọ obìnrin náà. Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, ni a ti bí i ní ọdún 1943, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yà Serer ni àwọn òbí rẹ̀, abúlé Fad'jal sì ni orísun wọn. Èyí kò ní í ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn láti lóye, nítorí àwa náà mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí ènìyàn ní ilé ní ìgboro, kí oko bàbá ńlá rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ Lágelú tàbí Akínyẹlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, ó sì kọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún mélòó kan ní Dakar. Ní ọdún 1966, wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú náà. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Jean Rouch, ọmọ Faransé kan tí ó ń ya fíìmù nípa ìgbé ayé àwọn ènìyàn Áfíríkà. Rouch fún un ní ipa kan nínú fíìmù rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Petit à petit. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé òun ti di òṣèré, kí ó sì jókòó lé e. Safi Faye kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Párísì, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àti ìṣe àwọn ẹ̀yà ènìyàn, lẹ́yìn náà ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Louis Lumière láti mọ bí a ti ń ya fíìmù. Ní ọdún 1972 ó ṣe fíìmù kékeré àkọ́kọ́ rẹ̀, La Passante.

Kí á tó lọ síwájú, ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ olóòtú fíìmù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wo sinimá kò mọ̀ ju òṣèré lọ. Olóòtú dà bí ẹni tí ó fẹ́ dá oko ńlá. Òun ni yóò wá ilẹ̀, òun ni yóò wá owó, òun ni yóò kó àwọn alágbàṣe jọ, tí yóò sì máa bọ́ wọn kí irè tó dé. Bí òjò bá ba oko jẹ́, orí rẹ̀ ni gbèsè yóò wà. Olùdarí sì ni ẹni tí ń sọ bí a óò ti kọ ebè. Ní àwọn ilẹ̀ tí owó wà, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Safi Faye kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ro ìtàn, òun ni ó wá owó, òun náà ni ó darí.

Owó náà kò pọ̀. Nǹkan bí 20,000 dọ́là ni, tí ó rí gbà láti ọ̀dọ̀ ìjọba Faransé. Pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí kò ju mẹ́ta lọ, ó padà sí abúlé àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò kó òṣèré kankan wá láti ìlú. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó bẹ̀ kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, bí ẹni pé ó bẹ ọ̀wẹ̀. Ó sọ kókó ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí wọ́n jíròrò lé lórí fún wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ bí ó ti rí lọ́kàn wọn. Bàbá àgbà rẹ̀ wà lára àwọn tí a rí nínú fíìmù náà. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí tí ó fi dágbére fún ayé. Òun ni ó fi fíìmù náà rántí.

Ní ọdún 1975 ni fíìmù yìí jáde. Kaddu Beykat ni ó pe orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe “Ohùn Àgbẹ̀” ní èdè Wolof. Kò sí obìnrin kankan, láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, tí ó ti ṣe odindi fíìmù gígùn tí a gbé lọ sí ilé sinimá ṣáájú rẹ̀.

Bí ó ti ṣètò ìtàn náà wù mí púpọ̀. Lẹ́tà ni ó fi ṣe, irú èyí tí ẹ̀yin náà ń kọ ní kíláàsì sí ọ̀rẹ́ yín tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ti ń ka lẹ́tà náà, ojú wa sì ń rí ohun tí ó ń ròyìn: abúlé, oko, àti iṣẹ́ òòjọ́ tọkùnrin tobìnrin. Nínú lẹ́tà yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ngor. Ó fẹ́ gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n ọ̀dá ti pa ẹ̀pà, kò sì rí owó ìdána san. Ó bọ́ sí Dakar láti wá iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó rí kò tó nǹkan, wọ́n sì rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí ó padà dé ilé, ó jókòó ti àwọn ọkùnrin abúlé, ó sì sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo wọn. Wọ́n ń sọ nípa owó orí, nípa gbèsè, nípa ẹ̀pà tí kì í ṣe oúnjẹ tí ó lè yó ènìyàn láti ọdún dé ọdún. Kò sí ẹni tí ó ń pariwo. Bí àgbàlagbà ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ni.

Àwọn kan wí pé fíìmù náà falẹ̀ jù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró de òjò rí ní oṣù kẹrin, tí ó ń wojú ọ̀run ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, mọ̀ pé oko kì í sáré.

Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl kò gbà kí àwọn ará ìlú wo fíìmù náà nígbà tí ó jáde. Ẹni tí ó fi gbèsè sí àgbẹ̀ lọ́rùn kì í fẹ́ kí àgbẹ̀ ka gbèsè náà ní gbangba. Ṣùgbọ́n ní òkè òkun, fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Georges Sadoul ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníròyìn sinimá àgbáyé sì fún un ní ẹ̀bùn tiwọn ní Berlin. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: àwọn tí kò gbin ẹ̀pà rí ń pàtẹ́wọ́ fún un, nígbà tí àwọn tí ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kò lè rí i ní sinimá ilẹ̀ wọn. Ní ti ONCAD, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó tú u ká ní ọdún 1980.

Safi Faye kò fi abúlé sílẹ̀. Ní ọdún 1979 ó mú fíìmù mìíràn jáde tí ó fi orúkọ Fad'jal gan-an pè. Nínú rẹ̀ ni àgbà ti ń sọ ìtàn bí a ti tẹ abúlé náà dó fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe ti àkókò eré lásán. Òfin kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1964 ti sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl di ti ìjọba, nítorí náà, ẹni tí ó bá lè sọ bí àwọn baba rẹ̀ ti dé orí ilẹ̀ ń ṣe ẹ̀rí pé ti àwọn ni. Ẹ rántí pé ọdún kan péré ṣáájú fíìmù yìí, ní 1978, ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ilẹ̀ tirẹ̀, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Àwọn ìdílé tí wọ́n ní oko ní ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn mọ bí ìtàn baba ńlá ti ṣe pàtàkì tó nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé kóòtù. Ní ọdún 1979 yìí kan náà ni yunifásítì kan ní Párísì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ àṣà àwọn ẹ̀yà.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe iṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Ó lọ sí Berlin, ó kọ́ bí a ti ń lo fídíò, ó sì ṣe Man Sa Yay fún tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1980, ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kan tí ó jìnnà sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ṣe èyí tí mo rò pé àwọn ìyá wa ní abúlé yóò lóye jù lọ. Selbé ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti bá ti iṣẹ́ lọ sí ìlú, ẹrù gbogbo àwọn ọmọ sì já lé òun nìkan lórí. Kámẹ́rà tẹ̀ lé e láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, Safi Faye sì ń bi í ní ìbéèrè bí obìnrin ti ń bi obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń káàánú Selbé nínú fíìmù náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ bí nǹkan ti rí fún un.

Mossane ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ìkẹyìn, ìtàn ọmọbìnrin arẹwà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti fi fún ọkùnrin olówó tí ó wà ní òkè òkun, tí ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní nǹkan. Ní ọdún 1990 ni wọ́n ya á. Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tí ó bá a dá owó lé e, lórí ẹni tí ó ni fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, fíìmù sì wà ní títì fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo ohun tí a sọ ṣáájú nípa olóòtú: ẹni tí ó bá ń di àpò owó mú lè di ẹnu ẹlòmíràn pa. Safi Faye kò juwọ́ sílẹ̀ títí ó fi gbà á padà, ọdún 1996 ni a sì tó wò ó ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé.

Ó kú ní Párísì ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2023, ẹni ọdún 79 ni. Ọdún márùn-ún ṣáájú ikú rẹ̀, wọ́n tún Fad'jal ṣe, wọ́n fọ àwọn àwòrán tí ó ti ń ṣá, wọ́n sì gbé e padà lọ sí Cannes níbi tí a ti kọ́kọ́ wò ó ní 1979. Àgbà náà ṣì jókòó níbẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, ó ń sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà fún wọn.