Orí Bẹ́ẹ̀dì Kọ́ Lara Ti Ń Le

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé dókítà fẹ́ gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóóró bàbá rẹ. Mo tún gbọ́ pé ìwọ ti búra pé tí wọ́n bá ti ṣe é tán, bàbá ò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Jókòó tì mí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wá léṣe nínú ilé tiwa.

London níbí ni wọ́n ti rí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóóró baálé mi, lápá ọ̀tún, ní ìpele òkè. Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀dọ̀fóóró ọ̀tún ní, tòsì ní méjì. Ìpele kan ni wọ́n fẹ́ mú kúrò. Baba ní kí wọ́n gé e lọ́la. Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ sì wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà: kí wọ́n máa rìn kánmọ́kánmọ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹyin àti ẹja dáadáa, kí wọ́n má sì fẹnu kan ọtí àti sìgá mọ́. Baba fárí gá. “Ṣé èmi lọmọdé yóò wá kọ́ ní ìrìn? Èmi tí mo ń fẹsẹ̀ rin oko kí ilẹ̀ tó mọ́!”

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀dọ̀fóóró tó máa ṣẹ́ kù ló máa ṣe iṣẹ́ èyí tó lọ. Ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ kí ọjọ́ abẹ tó pé.

Ti sìgá ló dùn mí jù. Baba sọ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn ti jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ò jiyàn. Ó na ẹ̀rọ kékeré kan sí wọn, ó ní kí wọ́n fẹ́ èémí sí i. Nọ́ńbà jáde. Èéfín sìgá àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Baba wolẹ̀, èmi náà wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ò bú wọn. Ó fún wọn ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá kí ọkàn má baà fà sí sìgá. Àmọ́ ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú abẹ ni wọ́n ń fẹ́ kéèyàn ti jáwọ́, méjì nínú rẹ̀ sì ti lọ sórí ìgbéraga. Bi bàbá rẹ léèrè, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni yóò tú u fó.

Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1990, oníṣẹ́ abẹ ará Denmark kan, Henrik Kehlet, bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló ń dá aláìsàn dúró sí ọsibítù gan-an lẹ́yìn abẹ. Ìrora wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀, ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní ERAS, ìyẹn ìlànà kí ara tètè yá lẹ́yìn abẹ, ti ṣẹ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ ERAS àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà ilẹ̀ Yúróòpù gbé ti ẹ̀dọ̀fóóró jáde. Láyé ìyá mi, láti ọ̀gànjọ́ òru lẹnu ẹni tó fẹ́ ṣe abẹ ti ń gbẹ. Ní báyìí, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, oúnjẹ dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú oògùn oorun, omi lásán sì lè dé wákàtí méjì. Èyí tí dókítà bàbá rẹ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ kejì abẹ, a kó oúnjẹ dé, a bá Baba lórí àga. Ọmọkùnrin mi figbe ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nọ́ọ̀sì jà. Èmi náà ti di apá wọn mú, mo fẹ́ dá wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ní, “Mama, bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sójú kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gbára jọ, òtútù àyà á wọlé, ẹ̀jẹ̀ á dì sí wọn lẹ́sẹ̀.” Mo jáwọ́.

Oògùn ìrora ni Baba kọ̀. “Kò dùn mí.” Bẹ́ẹ̀ wọ́n fún irin bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọwọ́, iṣan ọrùn wọn yọ gbọ̀ọ̀rọ̀. Ikọ́ dé, wọ́n gbé e mì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó wúkọ́ kò lè fọ àyà rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé oògùn mì níkẹyìn, wọ́n fún ìrọ̀rí mọ́ àyà, wọ́n sì wúkọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó jáde ki bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, rọ́bà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà wọn, wọ́n rìn dé ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin mi tó fẹ́ jà lẹ́ẹ̀kan ló gbé ike tí omi ẹ̀jẹ̀ ń kán sí, ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìyára yàtọ̀ sí ìkánjú, ọmọ mi. Ẹni tó múra sílẹ̀ tó sì dìde kíá, ó yára ni. Ẹni tó ní kí wọ́n gé òun lọ́la láìmúra, ìkánjú nìyẹn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, má bínú pé wọ́n lé yín. Gba nọ́ńbà fóònù wọn. Bí èémí bá ṣòro, bí ara bá gbóná, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, pè wọ́n, kódà lóru.

Lọ ra bàtà fún bàbá rẹ lọ́la, èyí tó ní ẹ̀yìn, tí kì í yọ̀. Sílípáàsì tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé yẹn ò dára fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.