Ìbọn Ọdẹ àti Irin Ilé Nígbà Òjò

 

Ọ̀rọ̀ irin la fẹ́ sọ lónìí. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó di oṣù keje kó tó dáwọ́, ó tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án. Ní gbogbo ìgbà yẹn, irin tó wà nílé ń dógùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ti àdá àti ọkọ́ kò le, ẹ ó pọ́n ọn, ó tán. Ti ìbọn ṣakabùlà ló ń bani lẹ́rù. Inú ọ̀pá ni ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́, níbi tí ojú kò tó. Ìta lè máa dán kí inú ti fẹ́lẹ́. Ó wá di ọjọ́ ìsìnkú àgbà ọdẹ, wọ́n á gbé ìbọn tí a kò yìn láti ọdún mẹ́ta jáde, wọ́n á ki ẹ̀tù sí i. Bí ó bá bẹ́ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́, ìka lè lọ, ojú lè lọ.

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Tí ìbọn bá dún tán, ẹ̀gbin dúdú kan ń kù nínú ọ̀pá. Ẹ ṣáà mọ bí iyọ̀ ṣe ń rin nínú abọ́ nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbin yẹn ṣe ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí irin fi ń jẹrà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ, bí wọ́n bá ti igbó dé, epo ni wọ́n ń fi pa á, wọ́n á ní ó parí. Kò parí o. Epo kì í fọ ẹ̀gbin ẹ̀tù, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi gbígbóná ló ń fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín: omi kẹ̀? Omi ni! Bàbá mi náà kò gbà, àfi ìgbà tó fa àkísà funfun yọ nínú ìbọn tó ti fi epo pa dáadáa, tí àkísà pọ́n bí ilẹ̀ Kétu.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọjú wo ẹnu ìbọn láé. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn. Ẹ ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn wọlé títí yóò fi dúró, ẹ fi àtàǹpàkò di ojú ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, ẹ fà á yọ, ẹ wá fi wọn ìta ọ̀pá ìbọn. Bí kò bá dé ọ̀gangan ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ da omi sí i kí ẹ̀tù lè rin gbingbin, ẹ má sún un mọ́ iná, ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ.

Tó bá ṣófo, ẹ da omi híhó àti ọṣẹ díẹ̀ sínú ọ̀pá, ẹ fi àkísà tẹ́ ẹ so mọ́ igi fà á lọ fà á bọ̀ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́. Irin tó gbóná ń tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí a kò fi lo omi tútù. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ tó fi epo pa á tínrín, tinú tòde. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yìn ín gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ẹgbẹ́ kan bi wá pé, epo pupa ń kọ́? Epo pupa ní omi àti kíkan nínú, tó bá pẹ́ ó ń lẹ̀. Òrí sàn jù ú. Ọ́ìlì alùpùpù tuntun ló dára jù. Èyí tí wọ́n tú dànù nínú mọ́tò ti lẹ́gbin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ́. Epo àtùpà ń tú ìpáàrà, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì tẹ̀lé e. Ẹsáǹsì kpayo, rárá o! Ó ń ṣí irin sílẹ̀ níhòòhò, ó sì ń wá iná kiri.

Àwọn bàbá wa ń fi ìbọn kọ́ òkè ibi ìdáná, ooru iná kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin mú un. Nísinsìnyí, ilé sìmẹ́ǹtì àti páànù là ń gbé. Lóru, páànù ń tutù, èémí wa ń di omi lára rẹ̀, ògiri náà ń fa omi láti ilẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn ti ògiri yẹn. Ẹ fi kọ́ ara igi, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ẹnu rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀ kí epo má baà ṣàn sínú igi ìdí rẹ̀. Ẹ má fi awọ tàbí ọ̀rá wé e. Ẹ má fi í sí yàrá kan náà pẹ̀lú àpò iyọ̀ tàbí ajílẹ̀ òyìnbó. Òógùn ọwọ́ pàápàá níyọ̀, nítorí náà ẹ máa nù ún lóṣooṣù. Bí àkísà bá ṣì ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má yìn ín, alágbẹ̀dẹ ni kó wò ó.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe gaàrí, omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ páànù tẹ́ ẹ fi ń rin ín. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, ẹ sá a sóòrùn. Ọ́ìlì mọ́tò kò gbọ́dọ̀ kàn án, oúnjẹ ni. Àdín díẹ̀ ti tó. Èyí tí ihò rẹ̀ bá ti ń já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí èérún ìpáàrà á bọ́ sínú gaàrí, oníbàárà á sì rí i lọ́jà.