Sípánà Kọ́ Ló Ń Sọ Irú Bóòtù

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀: pípe bóòtù ní nọ́ńbà sípánà tó ń tú u. "Mú 13 wá, mú 17 wá." Ó yá lẹ́nu, kò sì sí wàhálà níbẹ̀ bó bá jẹ́ Toyota lẹ ń tú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì Lister tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tàbí ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn láti òkè òkun, nọ́ńbà yẹn á tàn yín jẹ. Orí bóòtù mílímítà 8 sábà máa ń gba sípánà 13. Orí bóòtù 5/16 íǹṣì ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó mílímítà 12.7, sípánà 13 kan náà á sì tú u. Ẹ wá fi kálípà wọn ara wọn: ti íǹṣì kò ju 7.94 lọ, ti mílímítà pàápàá kì í pé 8 géérégé, torí ilé iṣẹ́ máa ń dín in kù díẹ̀ kó lè wọ nọ́ọ̀tì. Ara tíréèdì fúnra rẹ̀ ló yẹ ká ti wádìí.

Ẹ kọ́kọ́ fọ gíríìsì àti ìpẹtà kúrò. Ibi tí nọ́ọ̀tì kì í dé ni kí ẹ wọ̀n, torí ibẹ̀ ni tíréèdì kò tíì jẹ. Ẹ fi ẹnu kálípà lé góńgó kan, ẹ pè é ní òdo, kí ẹ wá kà dé ìkẹwàá. Ẹni tó bá pe góńgó àkọ́kọ́ ní ení, àlàfo mẹ́sàn-án péré ló wọ̀n, ìṣirò rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Àlàfo mẹ́wàá lára bóòtù mílímítà 8 tó wọ́pọ̀ jẹ́ 12.5, lára ti 5/16 tó wọ́pọ̀, ó jẹ́ 14.1. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tì ọ̀kan fi ń yí díẹ̀ lára ìkejì, tó sì ń há. Ẹni tó bá fi agbára kún un ti ba méjèèjì jẹ́.

Kíkà nìkan kò tó o. Lọ́dún 1841, Joseph Whitworth gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: igun dígírì 55, góńgó àti kòtò tó rí róbótó. Lọ́dún 1864, William Sellers ní Philadelphia mú dígírì 60 wá, pẹ̀lú góńgó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ó rọrùn láti gé. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fojú wọn rí màbo ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìlànà kan ṣoṣo lọ́dún 1948, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n sì mú dígírì 60. Àwọn ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ kò sí níbi àdéhùn náà. Ní 1/4, 5/16 àti 3/8, iye góńgó inú íǹṣì kan dọ́gba fún Whitworth àti Amẹ́ríkà: 20, 18, 16. Ìdajì íǹṣì ni wọ́n ti yapa, 12 àti 13. Bóòtù kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 0BA tún burú jù: mílímítà 6, àlàfo mílímítà 1, bíi bóòtù mílímítà 6 gan-an, àmọ́ igun rẹ̀ jẹ́ 47.5.

Ẹnìkan á ní, "Bó bá ṣáà ti wọ̀, kí ló kù?" Fún ìdérí lásán, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹrù wúwo wà, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ dígírì 55 kì í fara lé ti 60 tán. Ibi tín-ín-rín ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ẹlòmíràn á ní ká lu ihò tí bóòtù ń wọ̀ sí i, ká sọ ọ́ di mílímítà. Ó ṣeé ṣe bí irin tó yí i ká bá nípọn, àmọ́ ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn yín ńkọ́? Ẹ wo ọkọ̀ Morris àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Hotchkiss ti àwọn Faransé ní Coventry ló ń ṣe ẹ́ńjìnì wọn, Morris sì rà á lọ́dún 1923. Tíréèdì mílímítà ló wà lára ẹ́ńjìnì náà, orí bóòtù sì jẹ́ ti Whitworth, kí sípánà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè tú u. Nítorí náà, ìlú tí ẹ̀rọ ti wá kò tó ẹ̀rí.

Àwọn tó ń ṣàròyé pé àwọn kò ní géèjì tíréèdì, ẹ wo àpótí táàpù yín. Táàpù tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ jẹ́ géèjì. Ẹ fi eyín rẹ̀ sínú tíréèdì bóòtù, ẹ gbé méjèèjì sókè níwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là láàárín ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ gbé òmíràn.