Èéfín tàbí Gáàsì Àjókù? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyọ Ẹ̀rọ Ìdènà Ìdọ̀tí Kúrò Lára Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Bí olùtumọ̀ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi gbà kí ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yọ ẹ̀rọ ìdènà ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni èéfín. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó máa ń ba àlàyé náà jẹ́. Ohun tí Yorùbá ń pè ní èéfín ni èyí tí ojú rí, tí ó ń ta ojú, tí ó sì ń rùn. Ṣùgbọ́n mẹ́ta pàtàkì nínú ohun tí òfin náà ń lé kì í sábà hàn sí ojú: carbon monoxide, epo tí kò jóná tán, àti àdàpọ̀ náítírójìn òun ọ́síjìn. Èkíní nínú wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀rọ náà ń dènà èéfín yóò wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí èéfín, yóò gbà pé ẹ̀rọ náà kò wúlò, yóò sì tú u dànù. Nítorí náà, gáàsì àjókù ni ó yẹ kí a máa pe ohun tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, kí a fi èéfín sílẹ̀ fún èyí tí ojú rí.

Láti nǹkan bí 1973 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ní fáàfù tí ń dá díẹ̀ nínú gáàsì àjókù padà sínú ẹ́ńjìnnì. Gáàsì yìí kò lè jó mọ́, nítorí náà ó ń mú kí ooru ibi tí epo ti ń jó dín kù. Bí ooru bá sì ti dín kù, náítírójìn òun ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dà pọ̀. Fáàfù àdápadà ni orúkọ tí ó bá a mu. Ti agolo tí ó kún fún èédú, tí ń gba oru pẹtiróòlù dúró kí ó má bàa fẹ́ lọ, kò gba àríyànjiyàn: agolo èédú náà ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní catalytic converter, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1975. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá, sàlẹ́ńsà ni orúkọ páìpù ẹ̀yìn ọkọ̀, ènìyàn sì lè fẹ́ pe eléyìí náà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ni sàlẹ́ńsà ń pa lẹ́nu mọ́. Plátínọ́mù àti paládíọ̀mù ni ó wà nínú eléyìí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ohun tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Bí gáàsì àjókù gbígbóná bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, carbon monoxide àti epo tí kò jóná tán yóò bá ọ́síjìn dà pọ̀, wọn yóò sì di carbon dioxide àti omi. Mẹ́táàlì náà kì í bá wọn lọ. Bí a bá pè é ní amúṣẹ́yá, apá kan ni a sọ. Alárinà sọ méjèèjì. Àgbà mọ̀ pé alárinà a máa so ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pọ̀, pé kì í bá wọn gbé ilé ọkọ, àti pé lọ́la yóò tún lọ ṣe iṣẹ́ kan náà níbòmíràn. Nítorí náà, agolo alárinà. Orúkọ yìí tún mú àlàyé mìíràn rọrùn: òjé tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù láyé àtijọ́ a máa bo ara mẹ́táàlì náà, alárinà kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò so pọ̀ mọ́. (Kì í ṣe gbogbo píkọ́ọ̀pù ìgbà náà ni ó ní agolo yìí. Wọ́n ṣètò ìwúwo Ford F-150 ti 1975, òun àti ẹrù rẹ̀, kí ó lè kọjá páùn 6,000 díẹ̀, kí òfin agolo náà má bàa mú un. Kí olùtumọ̀ wo ọdún àti ìwúwo ọkọ̀ kí ó tó kọ pé wọ́n yọ ọ́.)

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe. Yíyọ nìkan kò tó. Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970, ka yíyọ ẹ̀rọ náà àti sísọ ọ́ di aláìṣiṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó ki irin róbótó kan sínú rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa fáàfù àdápadà ṣí kò yọ ohunkóhun. Gbogbo ẹ̀rọ wà níbi tí ilé-iṣẹ́ fi wọ́n sí, fáàfù náà kàn kú ni. Ìtumọ̀ tí ó bá lo yọ nìkan ti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láre. Yorùbá ń pa iná, wọ́n sì ń pa ẹ́ńjìnnì, láìgbé e kúrò níbi tí ó wà. Yíyọ tàbí pípa ni ó péye. Ẹni tí òfin mú náà fẹ́ ìṣọ́ra: àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ àti àwọn tí ń tà á ni ó kọ́kọ́ dè, àtúnṣe 1977 fi àwọn mẹkáníìkì kún un, ti 1990 sì kan ẹnikẹ́ni, títí kan olówó ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ California, ọkọ̀ ti ọdún 1975 àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò gáàsì àjókù tí wọ́n ń ṣe lọ́dún méjì-méjì. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé òfin kò mú ọkọ̀ náà, ó ti fi tọ́ọ̀ṣì àti sípánà lé onípíkọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé a kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ìdènà tí ọkọ̀ náà bá bá wá láti ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ síbẹ̀.