Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ KÉWÚ: ARIWO FÁÀNÙ ÀTI ÌMÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

 

Kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa ní ìlú Kano níbí. Orúkọ àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ owó àti ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé yàrá kò tó, inú yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kéwú náà ni a máa ń gbé e sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo fáànù inú rẹ̀ a máa dún ṣìì, ó sì máa ń bo ohùn síìn àti sọ́ọ̀d mọ́lẹ̀. Ọmọ lè fi ọ̀kan pe èkejì kí alfa má gbọ́, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè yí ìtumọ̀ padà nínú Alùkùránì.

Nígbà tí ariwo bá sú àwọn kan, wọn a fa wáyà fáànù kan yọ. Ariwo a dákẹ́, ṣùgbọ́n ooru a gba ipò rẹ̀. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbóná tó nǹkan bí 95 sí 100 dígírì, òun fúnra rẹ̀ a dín iṣẹ́ kù. Bí ooru náà kò bá rọlẹ̀, a kú lójijì, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ a sì bá a lọ. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a jẹ́ kí gbogbo fáànù máa sá eré àsápajúdé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Méjèèjì kò dára. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tí Ọlọ́run bá wa sọ nínú Súrátù Rahmọ́ọ̀n kò mọ sórí àtẹ ọjà nìkan. Kí ẹ̀rọ mí, kí etí sì sinmi: èyí ni ẹ̀kọ́ wa.

1. ỌNÀ AFẸ́FẸ́. Fáànù kì í mú òtútù wá. Ó ń gbé afẹ́fẹ́ yàrá wọlé, ó sì ń lé èyí tó gbóná jáde ni. Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán ní Kano a máa tó 40 dígírì. Bí fáànù bá pariwo díẹ̀ sí i nígbà náà, kì í ṣe àìsàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò nínú oòrùn, ẹ má gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì, ẹ sì fi nǹkan bí 15 sẹ́ntímítà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Kí afẹ́fẹ́ gba iwájú nísàlẹ̀ wọlé, kí ó gba ẹ̀yìn lókè jáde. Ẹ mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ súnmọ́ ojú fáànù kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń gbà wọlé a fà á mọ́ra, èyí tó ń lé jáde a tì í dànù. Bí fáànù méjì bá dojú ìjà kọ ara wọn, ariwo lásán ni ẹ ń rà.

2. FÁÀNÙ ŃLÁ, ERÉ DÍẸ̀. Fáànù 120 mìlímítà tó rọra ń yí lè gbé afẹ́fẹ́ tó tó ti 80 mìlímítà tó ń sáré, kò sì ní pariwo tó o. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Bí a bá dín eré fáànù kan kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a di ìdajì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ a lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi désíbẹ̀lì 15. Bí a bá fi ìkejì rẹ̀ tì í, ariwo a fi 3 péré gòkè. Afẹ́fẹ́ pé bíi ti tẹ́lẹ̀, ariwo sì fi 12 dín. Ìdínkù 10 nìkan, etí ènìyàn a máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo ti dín ní ìdajì. Èrè ńlá nìyẹn.

3. ERUKU ỌYẸ́. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ a máa gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa, pàápàá láti ìhà Bodélé ní Chad. Eruku yìí a máa dí àárín àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fáànù a sì máa sáré lásán. Ariwo náà di ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹ fi asẹ́ tó fẹ́lẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ìwọlé, kì í ṣe aṣọ tó nípọn. Kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fi díẹ̀ ju èyí tí fáànù ń lé jáde lọ, kí ihò kéékèèké má baà máa fa eruku. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu asẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbọn inú ẹ̀rọ, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ sì fi ìka di abẹ fáànù mú kí ó má yí. Ẹ má ṣí àpótí tí iná ń gbà wọlé o. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

4. ÌDÉRÍ Ẹ̀GBẸ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣí i sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tutù. Ariwo a jáde, eruku a wọlé, ọ̀nà afẹ́fẹ́ a sì dàrú. Ẹ fi ṣe àyẹ̀wò ni: bí ẹ̀rọ bá tutù gan-an nígbà tí ẹ ṣí i, a jẹ́ pé ohun kan ń dí ọ̀nà. Ẹ wá a rí, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì dé e padà.

5. ÌDÍWỌ̀N ERÉ. Fáànù oníwáyà mẹ́rin ṣe é tò láti inú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí. Ẹ jẹ́ kí ó rọra yí títí ooru yóò fi tó 60 dígírì, kí ó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó sì sá gbogbo eré rẹ̀ ní 80. Ariwo tó ń lọ sókè sódò a máa da ọkàn rú ju èyí tó dúró lójú kan lọ. Èyí tó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin alábòójútó ilé kéwú, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí kí ọyẹ́ tó dé, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ kò sí nílé kéwú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù ké súrà kan láti ẹ̀yìn yàrá. Bí alfa bá gbọ́ síìn àti sọ́ọ̀d rẹ̀ yékéyéké, tí ẹ̀rọ kò sì gbóná jù, òṣùwọ̀n ti pé.